Lẹ́ẹ̀mẹta Ni Wọ́n Máa Ń Béèrè

Ajé, 3 oṣù kẹta

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì àgbà. Òǹtẹ̀ pupa, ojú ìwé mẹ́rin, gbólóhùn inú rẹ̀ gùn débi pé mo ní láti dúró mí láàárín.

Ohun tó sọ kò ju báyìí lọ: láti ọdún yìí lọ, alága ìgbìmọ̀ àdúgbò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n kàn gbà bẹ́ẹ̀. Ìbò ni. Ìbò ìkọ̀kọ̀, bébà kan fún ẹnì kan, àpótí tó ní àgádágodo. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni kó ṣètò rẹ̀.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ — èmi nìyẹn. Alága — Bàbá mi nìyẹn.

Ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Bàbá ti wà lórí àga yẹn. Ó di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí èmi ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí mò ń kọ ohun tí ìpàdé bá sọ. Kò sẹ́ni tó dìbò fún èyíkéyìí nínú àwa méjèèjì. Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni ò fèsì, ó parí.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, torí lẹ́tà yìí máa pa á rẹ́. Báyìí la ṣe ń ṣèpàdé: wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, àwọn àgbà á sọ̀rọ̀ yí i ká títí á fi sú wọn, Bàbá á wá dìde, wọ́n á ní, "Ta ló ní ọ̀rọ̀?" Wọ́n á dúró díẹ̀. Wọ́n á tún béèrè. Wọ́n á dúró. Wọ́n á béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ilé bá dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á jókòó, wọ́n á wojú mi, èmi á sì kọ ọ́: Gbogbo ilé fẹnu kò. Ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn nìyẹn. Akọ̀wé kì í ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Akọ̀wé ń kọ ni.

Mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìwé ńlá. Ó di ọ̀la.

Ìṣẹ́gun, 4

Ó ṣì wà lábẹ́ ìwé ńlá.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo kà á fún Bàbá lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ojú wọn ò gbé ìwé wẹ́wẹ́ mọ́, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn òpópónà ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí n tún ojú ìwé kejì kà. Wọ́n wá ní, "Ìkọ̀kọ̀ kẹ̀? Kí lẹnì kan fẹ́ sọ nípa mi tí kò lè sọ lójú mi?"

Mo kó abọ́.

Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló mú kó rẹ̀ mí. Wọ́n kàn ní, "Akọ̀wé, ṣètò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó rí." Nínú ilé pàápàá, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, mo ti lọ́kọ rí, ọkọ ti kú, mo ti padà wá máa tọ́jú wọn, orúkọ mi sì wà níbẹ̀ láìlò.

Lọ́sàn-án, Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa wọ ọ́fíìsì. Ó ní òun gbọ́ pé fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ du ipò alága ti fẹ́ jáde. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́. Èmi tí mo gbé lẹ́tà pamọ́ nìkan ni mo rò pé àṣírí ni. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gba fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi o. Kì í ṣe Bàbá ni mò ń bá jà. Yàrá yẹn ni mo fẹ́ ṣí."

Mo ní mo mọ̀. Mo mọ yàrá tó ń sọ.

Àbámẹ́ta, 8

Ìpàdé. Mo ka lẹ́tà. Télọ̀ — ìlà kejì, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi — ní àwọn tó kọ ìwé yìí kò tíì ṣèpàdé rí láyé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n dàgbà jù nínú wa, béèrè bóyá wọ́n máa fún wa ní bírò tàbí kí kálukú mú tiẹ̀ wá. Mo ní wọ́n máa fún wa.

Bàbá dìde. "Ta ló ní ọ̀rọ̀?" Lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó ní.

Mo kọ ọ́ pé: Gbogbo ilé fẹnu kò pé a ò ní máa fẹnu kò mọ́. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ dáadáa.

Ajé, 10

Ojúlé dé ojúlé. Ilé mọ́kàndínlógójì, bébà àpẹẹrẹ kan lọ́wọ́ mi. Àwòrán méjì ló wà lára rẹ̀: àga fún Bàbá, kọ́kọ́rọ́ fún Nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ẹ bá fẹ́, ẹ sàmì síwájú àwòrán rẹ̀. Ẹ ká a. Ẹ jù ú sínú àpótí. Nígbà tí mo fi parí ogún ilé, ẹnu mi ti ń sọ ọ́ láìsí èmi níbẹ̀.

Télọ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè lórí máṣíìnì. "Èmi tí mò ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sáṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní àmì?"

Ilé Ìyá Òkè ni mo fi parí. Àtẹ̀gùn méjìdínlógójì. Mo kà wọ́n torí orúnkún mi. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n gba bébà, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, ta wá ni kí n fi bírò kàn nínú àwọn méjèèjì?"

Mo ní, "Ẹni tí ẹ bá fẹ́ ni, Mà."

"Tí mo bá sàmì sí ẹnì kan, ṣebí ẹnì kejì á mọ̀ pé kì í ṣe òun."

Mo ní ohun tí wọ́n ń fi ìbò ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n ní, "Ẹ̀hẹ́n." Bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ara ẹnì kan ò yá.

Ọjọ́rú, 12

Yàrá náà.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìpàdé ló wà. Ó ti jẹ́ yàrá ìtọ́jú nígbà kan: bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, fèrèsé tó kọjú sí ọgbà. Nọ́ọ̀sì wa yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Òun ló ń wẹ ẹsẹ̀ Màámi. Àtọ̀gbẹ ti mú wọn, egbò kan wà ní gìgísẹ̀ wọn tó kọ̀ tí kò jinná. Á wẹ̀ ẹ́, á dì í, ọjọ́ méjì-méjì. Màámi á rọra rìn lọ, wọ́n á rọra rìn bọ̀, wọ́n á kí gbogbo ẹni tó bá wà lójúde. Ìrìn yẹn dùn mọ́ wọn ju ìtọ́jú lọ.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àga ìpàdé pọ̀ ju ibi tí a ń kó wọn sí lọ. Ẹnì kan ní yàrá yẹn tóbi, ká kó wọn síbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá sì wà, bọ́ọ̀sì méjì péré. Bàbá béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Màámi wà níbẹ̀, ìlà kejì, àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹsẹ̀ dídì nínú sálúbàtà. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọn kì í bá ọkọ wọn jiyàn níta. Èmi náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, bírò wà lọ́wọ́ mi. Bàbá jókòó, wọ́n wojú mi, mo kọ ọ́.

Mo lọ wò ó lónìí nínú ìwé ọdún yẹn. Gbogbo ilé fẹnu kò. Ìkọ̀wé mi dára níbẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá.

Màámi wọ bọ́ọ̀sì méjì yẹn fún oṣù kan. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó di "ara ń fúyẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Kí ọdún tó parí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ọdún kejì a sin wọ́n. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sára ìdè kọ́kọ́rọ́ tiwọn, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. A ò dárúkọ yàrá yẹn rí nínú ilé yìí. Ọdún mọ́kànlá, èmi àti wọn, lórí tábìlì oúnjẹ kan.

Ẹtì, 14

Àpótí ìbò dé. Ó rí bí ibi tí wọ́n ń kó búrẹ́dì sí. Àgádágodo wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí. Mo kọ lẹ́tà.

Àìkú, 16

Nọ́ọ̀sì ń lọ láti ilé dé ilé. Bàbá jókòó sílé. Mo ní kí wọ́n jáde díẹ̀, kí wọ́n kí àwọn èèyàn. Wọ́n ní, "Kí n wá máa tọrọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi?"

Nírọ̀lẹ́ àwọn àgbà méje wá kí wọn. Mo wà ní ilé ìdáná, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mò ń fọ ìkòkò. Mo gbọ́ tí Télọ̀ béèrè pé, "Bàbá, báwo la ṣe máa ṣe é lọ́jọ́ náà?" Mo gbọ́ tí Bàbá dáhùn: "Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é náà ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sí mi, kó lọ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní —" Wọn ò parí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn, ẹ̀rín àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀.

Mo fọ ìkòkò tán. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ìṣẹ́gun, 18

Orúnkún ń dùn mí. Àbúrò mi ọkùnrin pè láti ọ̀nà jíjìn tó wà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni mo fẹ́ dìbò fún. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára.

Kọ́kọ́rọ́ àpótí dé. Méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́. Kò sí èyí tó ṣí i. A ra àgádágodo míràn.

Àbámẹ́ta, 22

Mo ti dé gbọ̀ngàn kí oòrùn tó yọ. Mo ta kọ́tìnnì sí igun kan kí ẹni tó ń dìbò lè dá wà. Ìwé ìlànà ní kí akọ̀wé kọ́kọ́ dìbò tiẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn. Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀, mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Wọ́n wá. Wọ́n múra bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ìyá Òkè fúnra wọn sọ àtẹ̀gùn méjìdínlógójì kalẹ̀, ẹnì kan di apá wọn mú, wọ́n ní kó fi àwọn sílẹ̀. Bàbá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, wọ́n sì ti jáde kí n tó rí orúkọ wọn fàlà sí. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì àgbà, ó jókòó sí igun, ó ń làágùn. Ọ̀gá Fáìlì ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, torí mi ò rí ọwọ́ rẹ̀ rí kí fáìlì má sí níbẹ̀.

Aago mẹ́rin a ṣí àpótí lójú gbogbo èèyàn. Bébà mẹ́rìndínláàádóje. Kọ́kọ́rọ́. Àga. Kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Àga. Òfìfo. Òfìfo. Kọ́kọ́rọ́. Òfìfo. Wọ́n ká wọn dáadáa, etí sí etí, àwọn míì ká a ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀gá Fáìlì rò pé bírò ló gbẹ. Ó fi ha àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò. Bírò kọ.

Nọ́ọ̀sì, mọ́kàndínláàádọ́ta. Bàbá, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Òfìfo, mẹ́rìnlélógójì.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìkòkò tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tí kò bá ní — Mo wá àga, mo jókòó. Wọ́n ti ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Wọn ò ní ọ̀rọ̀ sí Bàbá, wọn ò kọ ọ̀rọ̀. Mo wojú Bàbá. Ara wọn balẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Télọ̀ ń mi orí fún mi, bí ẹni pé èmi àti òun jọ dá a sílẹ̀ ni.

Ọ̀gá Fáìlì ṣí ìwé ìlànà. Bébà tí kò bá ní àmì: akọ̀wé ni kó pinnu bóyá èrò ẹni tó dìbò hàn kedere. Bó bá hàn, kó kà á. Bí kò bá hàn, kó dà á nù. Tí mo bá kà wọ́n fún Bàbá, Bàbá ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Tí mo bá dà wọ́n nù, Nọ́ọ̀sì ló wọlé. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn èèyàn yín. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni kí ẹ kéde." Kò bi mí ohun tí alága jẹ́ sí mi. Nọ́ọ̀sì mọ̀, kò sì sọ.

Àìkú, 23

Ìyá Òkè ránṣẹ́ pè mí. Àtẹ̀gùn, orúnkún, omi.

Wọ́n ní, "Tèmi mọ́ tónítóní, àbí? Mi ò jẹ́ kí bírò kàn án." Inú wọn dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Mo ní, "Mà, kí lẹ fẹ́ kó sọ?"

"Pé èmi àti bàbá rẹ ò jọ ní ẹjọ́ kankan."

"Ṣé kí wọ́n wà lórí àga nìṣó ni?"

Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí wọ́n bi wá nìyẹn?" Lẹ́yìn náà, wọ́n ní bí Nọ́ọ̀sì bá lè ṣí yàrá yẹn, ó dáa náà o, torí ẹsẹ̀ àwọn ò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́.

Ajé, 24

Nọ́ọ̀sì wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fún kálukú ní bírò. Ẹni tí kò lò ó, kò sọ nǹkan kan."

Mo ní, "Ṣé ìwọ ò dàgbà níbí ni?"

"Níbí náà ni mo dàgbà sí. Ìdí tó fi sú mi nìyẹn."

Ó jọ òótọ́. Mo délé, Bàbá ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ wọn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, o mọ ohun tó wà nínú àwọn bébà yẹn."

"Kò sí nǹkan nínú wọn, Bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. O sì mọ̀ ọ́n kà."

Ó jọ òótọ́ náà. Wàhálà mi nìyẹn.

Ọjọ́rú, 26

Mo kọ ìròyìn ìbò náà ní oríṣi méjì. Méjèèjì dára. Èyíkéyìí nínú wọn ò ṣe é fọwọ́ sí.

Ẹtì, 28

Ó rẹ̀ mí dé egungun. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí n gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn yìí ò sọ. Mo mọ ìdákẹ́ ẹni tó gbà. Mo mọ ìdákẹ́ ẹni tí ebi ń pa, tó fẹ́ kí ìpàdé tú. Mo mọ ìdákẹ́ ayálégbé tó ń wo ojú onílé rẹ̀. Mo mọ ti aya tó wo ọkọ rẹ̀ tó sì gbé ọ̀rọ̀ mì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbogbo wọn ni mo kọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Bàbá ló ń béèrè, àmọ́ èmi ni mò ń dáhùn fún gbogbo ilé.

Àbámẹ́ta, 29

Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo ka iye ìbò. Mo ní èrò akọ̀wé lórí bébà mẹ́rìnlélógójì ń bọ̀. Kí n tó ṣí ìwé, Bàbá dìde.

Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga. "Àwọn tó dákẹ́ ló ni bébà wọ̀nyí. Ní ilé yìí, ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Akọ̀wé fẹ́ kà wọ́n mọ́ àga. Ta ló ní ọ̀rọ̀?"

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ti fún ètè rẹ̀ pọ̀. Ó ti sọ tiẹ̀ fún mi, ojú mi ló ń wò.

"Ta ló ní ọ̀rọ̀?"

Àga kan dún. Mo wo ìlà kejì, àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Télọ̀ ló jókòó síbẹ̀ báyìí, ó ń fi ọwọ́ gbọn òwú kúrò lórí ṣòkòtò rẹ̀.

"Ta ló ní ọ̀rọ̀?" Wọ́n ti ń tẹ̀ láti jókòó.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo dìde. Mo ní, "Èmi ní ọ̀rọ̀."

Bàbá ò jókòó, wọn ò sì nàró. Wọ́n wà láàárín méjèèjì, ọwọ́ wọn lórí apá àga. Ohùn mi kéré, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní ọ̀kan nínú mẹ́rìnlélógójì yẹn, tèmi ni. Mo ní mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mi ò lè sàmì lòdì sí bàbá tó bí mi, mi ò sì lè sàmì fún wọn nítorí yàrá ẹ̀yìn, mo bá ká bébà náà lófìfo. Kì í ṣe pé mo gbà. Mo ní lọ́jọ́ tí wọ́n ti yàrá yẹn, Màámi dákẹ́, èmi náà dákẹ́, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé a gbà. A ò gbà. Mo ní tí òfìfo tèmi kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, báwo ni mo ṣe máa búra fún mẹ́tàlélógójì yòókù? Èrò wọn ò hàn kedere. Mo dà wọ́n nù.

Mo fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Mi ò rántí pé mo lè jókòó.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Fáìlì kéde Nọ́ọ̀sì. Bàbá mú fìlà wọn, wọ́n gba àárín ọ̀nà jáde, wọ́n ń kí àwọn èèyàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Mo délé, mo ṣí ìwé ńlá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ò sí níbẹ̀. Ta ni ì bá kọ ọ́? Mo kọ gbólóhùn kan: Akọ̀wé sọ̀rọ̀.

Àìkú, 30

Bàbá ò jẹ oúnjẹ mi. Wọ́n jẹ búrẹ́dì lásán.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Búrẹ́dì. Mo kí wọn káàárọ̀, wọ́n dá mi lóhùn bí ẹni tó ń fọwọ́ sí ẹrù tí wọ́n gbé wá.

Ọjọ́bọ̀, 3

Lónìí wọ́n jókòó sí tábìlì. Mo gbé tíì síwájú wọn. Tíì náà ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.

"Ìyá rẹ. Ṣé ó sọ fún ọ pé òun ò gbà?"

"Rárá, Bàbá. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo béèrè."

"Ẹ béèrè lóòótọ́."

"Mo dúró."

Ó yẹ kí n fi mọ síbẹ̀. Mo ní, "Kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń gbé itọ́ mì lọ, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń dúró."

Wọ́n ti kọ́ọ̀pù síwájú. Wọ́n dìde. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá wọn rọra padé, mo sì jókòó, mò ń bá ara mi wí pé mo ti sọ̀rọ̀ jù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mi ò sọ nǹkan kan, mo wá fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí mo ti ọjà dé, kọ́kọ́rọ́ kan wà lórí tábìlì mi. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ìdè. Kò sí bébà, kò sí ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n láìgbé e. Mo sunkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí a sin Màámi.

Ajé, 7

A ṣí yàrá. A kó àga jáde, a kó títí ó sú wa. Nọ́ọ̀sì wé gèlè iṣẹ́, ó ń gbá ilẹ̀, ó ń sín. Bẹ́ẹ̀dì ṣì wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, eku ti jẹ tìmùtìmù. Nínú dúrọ́ọ̀, káàdì Màámi: ọjọ́ méjì-méjì, ìfọwọ́sí Nọ́ọ̀sì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan títí dé ọjọ́ tí wọ́n ti yàrá, ó wá dúró. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó fún mi, ó padà sídìí ìgbálẹ̀. Inú mi dùn. Kò tiẹ̀ tó bí mo ṣe rò.

Bàbá jẹ ìrẹsì mi lálẹ́ àná. Mo gbàgbé láti kọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 12

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí Nọ́ọ̀sì ṣe alága. Ó tẹ ìwé, ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ní nọ́ńbà-nọ́ńbà. Ó ní wákàtí kan ni a máa lò. Àwa tí a máa ń fi wákàtí kan kí ara wa.

Ó ṣe dáadáa. Yàrá ìtọ́jú — ọwọ́ sókè, a kà á, ó kọjá. Gọ́tà — ọwọ́ sókè, ó kọjá. Mi ò kọ̀wé yára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀keje. Ó ní ọwọ́ gbogbo èèyàn dí, kò sídìí tí a ó fi máa pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ kéékèèké. Orí fóònù ni òun á máa fi ránṣẹ́ sí. Ẹni tí kò bá tíì fèsì títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a ó kà á mọ́ àwọn tó gbà. Ó sọ ọ́ bí ó ṣe ń ṣí ojú ìwé. "Kò sí àtakò? Ó dáa." Ẹ̀ẹ̀kan, láìmí. Ó wojú mi.

Ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé — Mi ò purọ́ fún ìwé yìí: mo rí Ìyá Òkè tí wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Mo mọ irú ìdákẹ́ tí ìyẹn jẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún lókun ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo jẹ́ kí ọwọ́ máa lọ.

Àga kan dún lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n wá. Kò sí fìlà lórí wọn. Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọn ò mọ bó ṣe yẹ kó ga tó, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún gbé e.

Bàbá ní, "Mo ní ọ̀rọ̀."

Gbogbo orí yí padà. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ sọ ọ́, Bàbá."

Èmi ni wọ́n ń wò, kì í ṣe òun. "Alága, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹ sì dúró. Kí ẹ dúró dáadáa."

Nọ́ọ̀sì wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní ọ̀rọ̀?" Ó sì dúró. A gbọ́ ariwo fáànù. Télọ̀ wúkọ́. Ó ṣì dúró. Ó pẹ́ débi pé ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ rárá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀kan.

Ohùn kékeré kan jáde láti iwájú.

Mo fa ìlà sórí Gbogbo ilé. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀: Ìyá Òkè ní àwọn ò ní fóònù.